Oògùn gbòdì lára màmá wa: ta ni kí n fi tó létí?

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa l'Ábújá àti gbogbo Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e gbà.

Màmá mi wá kí wa láti Ìlọrin. Wọn ò tíì lò tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi ní ìtọ̀ ń ta àwọn. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ládùúgbò, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n kọ Septrin fún wọn. Kò sí lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, la bá lọ rà á ní kẹ́míìsì kan lẹ́bàá títì. Ọjọ́ méje ni màmá fi lò ó tán. Ìtọ̀ náà kò ta wọ́n mọ́, a dúpẹ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí oògùn tán ni ara wọn gbóná. Ojú wọn pọ́n bíi ti ẹni tó ti ń rẹ́ àlùbọ́sà láti àárọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ètè àti inú ẹnu wọn bó, ẹ̀kọ mímu pàápàá di ogun. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní Àpóló ni, wọ́n fún wa ní oògùn ojú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta tó mọ́, awọ àyà wọn ti ń ṣí bíi ti ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Dókítà obìnrin kan níbẹ̀ ló kọ́kọ́ bi wá pé: "Oògùn wo ni ìyá ti lò láti bí oṣù kan sẹ́yìn?" Ẹnu yà mí. Oògùn tó ti tán!

Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ti dá wọn sílẹ̀, awọ ń padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n mo padà sí kẹ́míìsì, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní òun kọ́ lòun tà á. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní oògùn kì í ṣe tàwọn. Bàbá Ìbejì ní kí n fi sílẹ̀, pé ẹni tó bọ́ lẹ́nu ẹkùn kì í padà lọ bi í léèrè. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Mo kàn fẹ́ mọ̀: ta ni à ń fi irú èyí tó létí? Mo sì ti ju páálí rẹ̀ nù. Ṣé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Apòògùn Gwagwalada

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu, ẹ kú orí ire. Ẹ bá mi kí màmá.

Mi ò rí wọn, mi ò sì ní pe orúkọ àìsàn bí ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ tò sílẹ̀ yìí jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní Stevens-Johnson. Septrin sì wà lára àwọn oògùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. Èyí ò ní kí oògùn náà jẹ́ ayédèrú o. Ojúlówó gan-an lè gbòdì lára ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ó tó yọjú, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kì í fi í so wọ́n pọ̀. Dókítà tó bi yín ní ìbéèrè yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Kí n tó dé orí ẹni tí ẹ máa fi tó létí: màmá ò gbọdọ̀ fẹnu kan Septrin mọ́ láyé wọn. Kò tán síbẹ̀. Fansidar àti gbogbo oògùn ibà tó ní sulfadoxine nínú, irú èyí tí wọ́n ń fún aboyún, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí iwájú fáìlì wọn. Ẹ tún kọ ọ́ sí ìwé pélébé kan tí yóò máa wà nínú pọ́ọ̀sì wọn títí wọ́n á fi padà sí Ìlọrin. Orúkọ tó wà lára páálí ń yí padà láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, nítorí náà orúkọ oògùn inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ: co-trimoxazole, sulfamethoxazole.

Ó wá ku ẹni tí ẹ máa fi tó létí. NAFDAC ni. Ọlọ́pàá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. NAFDAC ní ibùdó kan, National Pharmacovigilance Centre, tó jẹ́ pé irú ìròyìn yìí gan-an ni wọ́n ń kó jọ. Fọ́ọ̀mù yẹ́lò kan wà; ẹ bèèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n dá màmá dúró sí. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ, ọ́fíìsì NAFDAC wà ní Zone 7, Wuse. Àwọn tó wà níta Ábújá, wọ́n ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ yín náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ariwo mọ́tò lè lo áàpù Med Safety tí NAFDAC gbé jáde ní 2020, kí ó kọ ọ́ lórí fóònù rẹ̀. Nọ́ńbà kan tún wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àtẹ̀jíṣẹ́ irú èyí, 20543.

Mẹ́rin ni ohun tí ìròyìn yẹn kò lè ṣe aláìní. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí: wọn ò nílò orúkọ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, ọjọ́ orí, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ó ti tó. Oògùn tí ẹ fura sí. Ohun tí ojú rí. Àti ẹni tó ń ròyìn. Páálí ṣe pàtàkì nítorí batch number, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀, ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ ò ní kí ẹ má kọ ọ́.

Èyí tó máa ń so ọwọ́ àwọn èèyàn jù ni pé wọ́n rò pé àfi kí ó dá àwọn lójú. Kò pọn dandan. Ìfura ti tó. Bóyá oògùn ló fà á tàbí kì í ṣe òun, iṣẹ́ tiwọn nìyẹn.

Lékan Lugbe

Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, ẹ má bínú sí mi. Kí ni ìjọba fẹ́ fi fọ́ọ̀mù ṣe? Inú dúrọ́ọ̀ ló máa sùn sí. Àǹtí, ẹ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀bù yẹn sí Facebook. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn fúnra wọn á pè yín.

Apòògùn Gwagwalada

Lékan, dókítà kọ oògùn, kẹ́míìsì ta á. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ṣẹ̀ wo lo fẹ́ kọ sí abẹ́ fọ́tò náà? Ọmọkùnrin yẹn purọ́ nítorí pé ó bẹ̀rù irú ohun tí o fẹ́ ṣe yìí.

Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀, mi ò bá ọ jiyàn pé ọ̀pọ̀ nǹkan ń sùn níbẹ̀ nílùú yìí. Ṣùgbọ́n èyí ń rìn ju bí o ṣe rò lọ. Láti 2004 ni Nàìjíríà ti wà nínú ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń kó ìròyìn oògùn jọ, ìlú Uppsala ní Sweden ni wọ́n sì ti ń to ti gbogbo ayé pọ̀. Ẹnì kan ní Kúbwà, ẹnì kan ní Màídúgùrì, ẹnì kan ní Accra. Kálukú wọn jókòó sílé, ó ń sọ pé bóyá bí ara tòun ṣe rí nìyẹn. Àfi ìgbà tí orúkọ oògùn kan náà bá yọ nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jọ́ọ̀sì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, àwọn ọmọ mi ló fi mí sí i. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí fún Lékan.

1990 ni. Àwa Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, a ṣì pọ̀ níbẹ̀ títí di òní. Ọmọ ará ilé wa kan, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ibà lásán mú un. Wọ́n ra parasítámọ́ọ̀lù olómi fún un. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìtọ̀ ọmọ náà dá. Mo ní ó dá! Ìyá rẹ̀ a máa fọwọ́ kan nápíìnnì, gbígbẹ. Ojú ọmọ wú. Àwọn àgbà nínú ilé ti ń fi ojú wá ẹni tó ṣe é, wọ́n ti dárúkọ ìyàwó kejì.

Ìgbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù ni wọ́n rí i pé irú rẹ̀ kún ibẹ̀. Àwọn dókítà Jọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà: ọmọ 47 ni wọ́n gbà wọlé tí ìtọ̀ wọn dá, 47 náà ló sì kú. Diethylene glycol ló wà nínú oògùn olómi yẹn. Ohun tí wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ni, irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ ọ́ìlì bíréèkì. Ó dùn lẹ́nu, ó sì jọ èyí tó yẹ kí wọ́n fi po oògùn, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín ló ń pa.

Ẹ wá wò ó. Ìyá kọ̀ọ̀kan ti jókòó sílé rẹ̀ pé tòun nìkan ni. Àwọn tó jókòó tí wọ́n ka iye wọn ni wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe ayé, kì í ṣe ìyàwó kejì. Obìnrin yẹn ti kó jáde kí òótọ́ tó yọjú. Kò padà wá.

Ní 2008, ó tún ṣẹlẹ̀: oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin, kẹ́míkà kan náà, ọmọ tó lé ní 80 ló bá a lọ, NAFDAC sì kó o kúrò lórí àtẹ. Ní 2022, àwọn ọmọ ní Gáńbíà, oògùn ikọ́ olómi. Nítorí náà bí ọmọ bá mu oògùn olómi, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò bá wá mọ́, ẹ má dúró de fọ́ọ̀mù kankan. Ẹ gbé e, kí ẹ gbé ìgò náà dání.

Lékan Lugbe

Bàbá, ẹ ṣé. Mo gbọ́.

Nọ́ọ̀sì Kàdúná

Ẹ kú ìrántí, Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí aláìsàn kì í rí. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nínú wọ́ọ̀dù, ìbẹ̀rù ló ń pa wá lẹ́nu mọ́. Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé nǹkan fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kúẹ́rì lo rò pé yóò tẹ̀lé e.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, èmi nìkan, aláìsàn lé ní 20. Wọ́n mú iná lọ. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo ń tàn. Mo fẹ́ fi omi abẹ́rẹ́ po oògùn bàbá arúgbó kan, mo na ọwọ́ sí orí tábìlì, mo mú ike kékeré kan, mo ti ń fà á sínú sìríǹjì. Ọmọ bàbá náà, tó sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ló gbórí sókè tó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, kí lẹ fẹ́ fún bàbá?" Mo gbé ike náà sún mọ́ iná kí n lè kà á fún un. Potassium chloride ni. Ike kan náà, ìwọ̀n kan náà, lẹ́tà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ èèrà. Bí èèyàn bá rọ ìyẹn sínú iṣan bẹ́ẹ̀ láìpò ó, ọkàn á dá iṣẹ́ dúró. Mo jókòó sílẹ̀. Ọmọ náà rò pé mo ń bínú sí òun, ó ń bẹ̀ mí.

Ní àárọ̀, mátírọ́ọ̀nù ní kí ló dé tí mo fẹ́ kọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́. Kúẹ́rì kò wá. Kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n fi kó gbogbo potassium kúrò ní wọ́ọ̀dù, wọ́n tì í mọ́ yàrá oògùn, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò lọ buwọ́lùwé. Ẹni tó ṣe irú àṣìṣe mi ṣáájú mi á ti wà dájúdájú. Bí ó bá ti kọ ọ́ ni, n kì bá tí bá ike yẹn lórí tábìlì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ máa bi wá. Kí lèyí? Fún kí ni? Ẹ ò rí wa fín. Nọ́ọ̀sì tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ kó bínú.

Ohun mìíràn tí n kò fẹ́ gbàgbé: bí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ sí èèyàn yín lára, tí òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lójijì, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, tí àyà ń há a, tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú, ẹ pariwo pè wá lójú ẹsẹ̀ kí a dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Kí ẹ sì rí i pé wọn ò ju àpò ẹ̀jẹ̀ náà nù. Inú àpò yẹn àti ìwé ara rẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n gbé fún un.

Ìyá Ruka Mararaba

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbo ńkọ́? Ṣé a lè ròyìn àgbo náà? Nítorí a kì í sọ fún dókítà pé a mu nǹkan kan 😅

Apòògùn Gwagwalada

Ìyá Ruka, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ bà á. Àgbo wà níbẹ̀, ọṣẹ ìbóra wà níbẹ̀, oògùn agbára tí wọ́n ń kiri nínú bọ́ọ̀sì Nyanya wà níbẹ̀. Ẹ má fi pamọ́ fún dókítà. Bí aláìsàn bá mu àgbo mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín wá dáṣẹ́ sílẹ̀, dókítà á máa lé ohun tí kò sọnù kiri.

Èyí tó kan àwa Yorùbá gan-an: ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ló ní ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àìtó G6PD. Kò ní yọ wọ́n lẹ́nu rárá, àfi ìgbà tí wọ́n bá kan ohun tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fẹ́. Oògùn ibà primaquine wà lára wọn. Kàfúrà funfun roboto tí à ń jù sáàárín aṣọ ọmọ tuntun kí aáyán má baà jẹ ẹ́ náà wà lára wọn. Ojú ọmọ á di yẹ́lò bíi pupa ẹyin, ìtọ̀ àgbàlagbà á dúdú bíi Coke. Ẹ fọ aṣọ ọmọ, ẹ sá a, ẹ má kó o ti kàfúrà. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀, kíkọ sílẹ̀ náà ni.

Lékan Lugbe

Ìbéèrè kan, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo wa la mọ ìyún chloroquine. Màmá mi a máa fi ìgbálẹ̀ yún ẹ̀yìn. Ṣé ìyẹn náà yẹ ní kíkọ? Bàbá mi ńkọ́ tó ti ń wúkọ́ láti bí oṣù mélòó kan? Oògùn ikọ́ ti kún ilé.

Apòògùn Gwagwalada

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wo ni bàbá ń lò?

Lékan Lugbe

Ẹ dákun, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n ń lo ti ẹ̀jẹ̀ ríru? Lisinopril ni.

Apòògùn Gwagwalada

Ikọ́ gbígbẹ, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ó ń ha ọ̀nà ọ̀fun, ó sì le lálẹ́? Lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n dá a dúró o! Ẹ̀jẹ̀ wọn á ru. Gbé wọn padà lọ bá dókítà tó kọ ọ́, kí ó yẹ̀ wọ́n wò, kí ó sì pààrọ̀ rẹ̀ bí òun bá ni. Amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ní tirẹ̀ lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú.

Ìyún chloroquine, gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó máa dá ọ lẹ́bi bí o kò bá kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹ̀mí lọ, bí ó bá dá èèyàn dúró sí ọsibítù, bí ó bá sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara, bí wọ́n bá bí ọmọ pẹ̀lú àbùkù, kíkọ ni, ì báà jẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀. Oògùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà, ẹ kọ èyí tó kéré pàápàá.

Ìyá Aláàjẹsára, Záríà

Ẹ ò tíì mẹ́nu ba iṣẹ́ tèmi. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, Hausa ni mo fi ń bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ ju Yorùbá lọ.

Egbò kékeré tó ń yọ ní apá ọmọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó gba BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ má ta nǹkan sí i, bí ó ṣe ń ṣe nìyẹn, àpá rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ara gbígbóná fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ itan, bẹ́ẹ̀ náà. Èyí tí ẹ máa bá sáré ni kí ojú ọmọ wú, kí ara rẹ̀ lé, kí èémí máa ṣe é kùrùkùrù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nítorí ìyẹn la fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ̀yin a máa rò pé a kàn fẹ́ fi yín ṣòfò ọjọ́. Gìrì, tàbí kí ojú abẹ́rẹ́ di éèwo tó ń ṣọyún, ẹ padà wá sọ fún wa. Bí ọmọ mẹ́ta tó gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà bá ní irú éèwo yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ wa ni kò mọ́. Àjẹsára lè má mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù AEFI, ti ohun tó bá ṣe ọmọ lẹ́yìn àjẹsára, wà fún un ní gbogbo ilé ìlera, a máa ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kó tó gòkè lọ.

Mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003 nígbà tí Kánò àti àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró. Wọ́n ní ó ń sọ ọmọ di àgàn. Ó di ọdún kejì kí Kánò tó padà bẹ̀rẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ti ń bi wá ní ìbéèrè kékeré tipẹ́ kó tó dé ibẹ̀. A ń sọ fún wọn pé "ba komai", kò sí nǹkan kan. Mo kábàámọ̀ "ba komai" yẹn.

Àlàájì Sábó, Kánò

Ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Kí oògùn gbòdì yàtọ̀ sí kí èèyàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ níjàkújà.

Ọmọ mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ ìdí ní kílíníìkì kan níbí, nítorí ibà. Ọmọ náà figbe ta, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Wọ́n ní kí a fi omi gbígbóná jó o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń jó o. Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n tó sọ fún wa pé abẹ́rẹ́ ti gún iṣan ẹsẹ̀.

Mo ṣe bí ọkùnrin, mo lọ pariwo. Mo pe orúkọ ìyá wọn. Nígbà tí mo padà lọ bèèrè fáìlì ọmọ, wọ́n ní àwọn ò rí i. Àbúrò mi tó jẹ́ akọ̀wé kóòtù ló jókòó tì mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́." Ojú ìwé kan péré. Ọjọ́, wákàtí, ẹni tó fún un, ohun tí wọ́n sọ, ohun tó tẹ̀lé e. Kò jẹ́ kí n kọ èébú kankan sí i. A fún ọ̀gá wọn ní ẹ̀dà kan, wọ́n buwọ́lu tèmi pé àwọn gbà á, mo tún mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀. Òfin Ìlera ti 2014 ti fi ẹ̀tọ́ yẹn lé wa lọ́wọ́, pé ẹnikẹ́ni lè mú ẹ̀sùn wá lórí bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn náà wà, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Àjọ FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà l'Ábújá ń gbọ́ irú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní tábìlì SERVICOM, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn. Bí ìwà dókítà fúnra rẹ̀ bá ni ẹ̀sùn, MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà, ni, ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó sì búra sí i ní kóòtù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìgbìmọ̀ tiwọn.

Oṣù mélòó kan ni ó gbà. Wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n tọrọ àforíjì, ọ̀gá wọn sì ní àwọn ti fòfin de abẹ́rẹ́ ìdí fún ọmọ kékeré, itan ni wọn yóò máa lò. Owó? Rárá o, mi ò gba kọ́bọ̀. Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù báyìí, ó ń tiro díẹ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà l'Ásòkòrò

Láti apá ọ̀dọ̀ tèmi, kúkúrú: bí ẹ bá ti ra oògùn, kí ẹ tó ṣí i, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn páálí. Nọ́ńbà NAFDAC, batch number, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ á wà lórí fóònù. Èyí tó bá ní ibi tí wọ́n ń ha, ẹ ha á, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí 38353 láti mọ̀ bóyá ayédèrú ni. Ayédèrú yàtọ̀ sí gbígbòdì, ṣùgbọ́n NAFDAC kan náà lẹ máa sọ méjèèjì fún.

Ìyá Ìbejì Kúbwà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ṣeun. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ìbejì, ti Bàbá Jọ́ọ̀sì ló mú un dákẹ́.

Mo padà lọ sí kẹ́míìsì lánàá. Mo ra omi inú ọ̀rá, mo jókòó, mo ní mi ò wá jà. Mo ṣàlàyé pé ìròyìn ni, pé oògùn lè jẹ́ ojúlówó. Ọmọkùnrin náà wò mí títí, ó wọlé, ó gbé páálí kan jáde, ó ní inú páálí ńlá yìí ni ó ti yọ tiwa. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní kí n ṣáà má fi orúkọ òun sí i. Mo ní wọn ò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Alẹ́ la jókòó ti áàpù náà. Mo kọ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó tán, ọjọ́ tí ojú pọ́n. Ẹ̀gbọ́n Apòògùn, ẹ ti bi mí nínú àtẹ̀jíṣẹ́ bóyá ó ti ṣe wọ́n rí. Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo ṣáà bi màmá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ kan ètè ìsàlẹ̀ wọn, ibi tó dúdú yẹn. Láti kékeré la ti ń rí àmì náà, àwa ọmọ rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn. Wọ́n ní, "Ìgbà oyún rẹ ni. Wọ́n fún mi ní Fansidar ní Ìlọrin, ètè mi wú, ó bó, ó wá dúdú síbẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà oyún àbúrò rẹ, ojú kan náà."

Mo ní, "Màmá, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Mo ti kọ ìyẹn náà sí i.